Àǹtí Olú àti Àna Òyìnbó: Ẹbí Nínú Fíìmù Ìfẹ́ Aláwàdà Àwọn Ará Òkè Òkun

Fíìmù ìfẹ́ aláwàdà ni eré tí ọkùnrin àti obìnrin ti pàdé, tí ìfẹ́ wọ àárín wọn, tí ohun kan dábùú ọ̀nà wọn, tí ẹ̀rín tó ń pa òǹwòran láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sì ti ara ìdíwọ́ náà wá. Nínú ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba, àwọn olólùfẹ́ méjèèjì fúnra wọn ni wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ń gbéraga, èkejì ń bẹ̀rù, tàbí kí irọ́ kékeré tí ọ̀kan pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ máa lé wọn kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré náà bá jẹ́ ti àwọn àṣíkiri, ìyẹn àwọn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ onílẹ̀, tàbí ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ìdíwọ́ náà máa ń yí padà. Ẹbí ni. Bàbá, ìyá, àǹtí, ẹ̀gbọ́n, títí kan ará ìlú tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, gbogbo wọn ló ní ohùn lórí ẹni tí ọmọ yóò fẹ́, ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin kan péré ni ìgbéyàwó ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ títí lọ dé Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìròyìn ọ̀nà jíjìn mọ́. Ilé-ìwòsàn Ìkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011 ní ọgbà ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní òmíràn ní Ìkọ̀lé. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn dókítà àti àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè sì wà lára àwọn tí jápa, ìyẹn kí ènìyàn palẹ̀ mọ́ kó gba òkè òkun lọ wá ìgbé ayé tó dára jù, ń fà lọ́wọ́ jù lọ. Bí ọmọ bá ti lọ, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ náà bá a lọ nìyẹn, ìbéèrè tí ìyá rẹ̀ yóò sì máa bi í lórí fóònù kò ju ẹyọ kan lọ: ta lò ń fẹ́, ọmọ ta sì ni? Àwọn eré tí àpilẹ̀kọ yìí ń gbé yẹ̀ wò mú ìbéèrè ìyá yìí, wọ́n fi pawó, wọ́n sì fi pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín.

Èyí tó la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ni My Big Fat Greek Wedding, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹrin ọdún 2002. Nia Vardalos, ọmọ Kánádà tí ẹbí rẹ̀ jẹ́ Gíríìkì, ló kọ ọ́, òun náà ló sì ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, Toula Portokalos, obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ bàbá rẹ̀ ní Chicago, tí gbogbo ẹbí sì ti gbà pé ọjọ́ ti ń lọ lórí rẹ̀. Kí ó tó di fíìmù, eré orí ìtàgé tí Vardalos nìkan ń dá ṣe ní Los Angeles ni. Rita Wilson, òṣèré tí ẹ̀jẹ̀ Gíríìkì wà lára òun náà, lọ wò ó, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀, Tom Hanks, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ti sinimá nìyẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 dọ́là ni wọ́n ná sí i, iye tó sì pa káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 360 dọ́là, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó fi wà ní ipò kìíní láàárín àwọn fíìmù tó ń pawó ní Amẹ́ríkà. Ẹnu àwọn tó ti wò ó ló ń polówó rẹ̀ láti oṣù dé oṣù.

Ìtàn náà kò díjú. Toula pàdé Ian Miller, olùkọ́ tí kì í ṣe Gíríìkì, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ọ̀rọ̀ sì dé etígbọ̀ọ́ bàbá. Gus, bàbá Toula, gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ kan láyé tí kì í ṣe inú èdè Gíríìkì ló ti jáde wá, ó sì máa ń fọ́n Windex, omi tí wọ́n fi ń nu gíláàsì fèrèsé, sí gbogbo àìsàn tó bá yọjú sí ara ènìyàn. Kí Ian tó lè gbé Toula níyàwó nílé ìjọsìn wọn, ó ní láti di ọmọ ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un, géńdé ọkùnrin, nínú odò ìwẹ̀ oníke tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ibi tó yẹ kí òǹwòran tẹjú mọ́ jù ni ọjọ́ tí àwọn òbí Ian wá kí àwọn àna wọn. Wọ́n jẹ́ méjì péré, wọ́n rọra múra, ìyá Ian sì gbé kéèkì kan tó ní ihò láàárín dání. Nígbà tí wọ́n dé, odidi ẹran ni wọ́n bá tí wọ́n ń yí lórí iná níwájú ilé, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò tí wọ́n pọ̀ bí èrò òkú àgbà. Ìyá Toula yẹ kéèkì náà wò títí, kò mọ ohun tí ihò àárín rẹ̀ wà fún. Nígbà tí yóò fi tún gbé e jáde, ó ti gbé ìkòkò òdòdó sínú ihò náà. Kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi. Ilé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà pé bí òun ti ń gba àlejò ni gbogbo ayé ń gbà á ló pàdé ara wọn. Irú ẹ̀rín yìí kì í tètè gbó, nítorí kò sí ẹni tí wọ́n ní láti sọ di òmùgọ̀ kó tó wáyé.

Yorùbá tó bá wo Gus kò ní pẹ́ kó tó dá a mọ̀. Bàbá tó kó ẹbí wá sí ilẹ̀ onílẹ̀, tó sì rí i pé èdè ń lọ, oúnjẹ ń lọ, orúkọ pàápàá ń yí padà lẹ́nu àwọn olùkọ́ ilé-ìwé, yóò gbá ọmọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mú, yóò sì dì í mú ṣinṣin dé ibi tí yóò ti máa dun ọmọ náà. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa àwọn àṣíkiri ti ṣàkíyèsí rẹ̀ tipẹ́ pé àṣà tí ènìyàn gbé rìnrìn àjò sábà máa ń dúró sí ọdún tí onítọ̀hún kúrò nílé. Ilé ń yí, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lájò kò sí níbẹ̀ láti rí i, nítorí náà ó lè jẹ́ pé àǹtí tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní London ni yóò máa fi dandan lé ohun tí àwọn àgbà Ọ̀yẹ́ fúnra wọn ti dẹwọ́ lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rín inú àwọn eré yìí, orí àlàfo ọdún wọ̀nyẹn ló dúró lé.

Ó sì yẹ kí ará Èkìtì tó bá ń fi Gus rẹ́rìn-ín rántí pé àwọn àṣíkiri wà nílé tòun náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà ti ń dáko ní ilẹ̀ Èkìtì, àwọn oníṣòwò Ìgbò àti Haúsá sì ní ìsọ̀ lọ́jà. Ojú tí bàbá kan ní Ìkọ̀lé yóò kọ́kọ́ fi wo ọmọ Ẹ̀bìrà tó wá tọrọ ọmọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ojú tí Gus fi wo Ian. Ẹni tó bá ń wá ìtàn fún fíìmù, ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò nílò físà.

Láàárín àwọn Yorùbá fúnra wọn, Peckham ni àpẹẹrẹ tó dára ti wá, àdúgbò kan ní gúúsù London tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí débi tí àwọn kan fi ń pè é ní Èkó Kékeré. Bọ́lá Àgbàjé, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí London, kọ eré orí ìtàgé kan tó pè ní Gone Too Far!, Royal Court Theatre gbé e jáde ní ọdún 2007, ó sì gba ẹ̀bùn Olivier, ẹ̀bùn tí wọ́n kà sí jù fún eré orí ìtàgé ní London, ní ọdún 2008. Destiny Ekaragha ló darí fíìmù rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn níbi Àjọ̀dún Fíìmù London ní ọdún 2013, tó sì dé àwọn ilé sinimá ní ọdún 2014. Malachi Kirby ṣe Yẹmí, ọ̀dọ́ tó dàgbà sí London tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rán an létí pé ọmọ Nàìjíríà lòun. OC Ukeje ṣe Ikúdáyìísí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tó wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú sálúbàtà, tó ń sọ̀rọ̀ sókè, tí ojú kò sì tì í rárá. Ìyá wọn rán wọn níṣẹ́ ilá. Ibi tí wọ́n ti ń wá ilá kiri Peckham ni gbogbo ìyọnu ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí Yẹmí ń fẹ́ kí Armani rí òun bí ọmọ ìgboro, Armani sì jẹ́ ọmọbìnrin tí ẹ̀jẹ̀ Jàmáíkà wà lára rẹ̀, tí kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa àwọn ará Áfíríkà.

Kí a sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú fíìmù yìí kò lágbára. Kò sí òǹwòran tí yóò gbàdúrà pé kí Yẹmí fẹ́ Armani. Ìfẹ́ tó wà níbẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹni tó bá ń tijú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbangba, tó sì ń rìn ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá síwájú rẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀ pé wọ́n jọ jáde ni, kò ní lè mú ìyàwó kankan wá sílé ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ Jàmáíkà ì báà jẹ́ Yorùbá, títí ìtìjú náà yóò fi kúrò lójú rẹ̀. Ohun tí Àgbàjé rí tí ọ̀pọ̀ kò rí ni pé ẹbí kò ní láti sọ pé rárá kí ó tó di ìdíwọ́. Ìtìjú ọmọ nìkan ti tó.

Eré tó bá ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ jù lọ kì í ṣe ti sinimá rárá, ti tẹlifíṣàn ni. Bob Hearts Abishola bẹ̀rẹ̀ lórí CBS, ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó sì parí ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn sáà 5 àti apá 95. Eré aláwàdà alápá púpọ̀ ni, irú èyí tí ìtàn rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Chuck Lorre, tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nídìí irú eré bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ pẹ̀lú Eddie Gorodetsky, Al Higgins àti Gina Yashere. Yashere, aláwàdà tí àwọn òbí Nàìjíríà bí sí London, ni wọ́n kọ́kọ́ pè láti wá gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí ìṣe àwọn ọmọ Nàìjíríà; ìgbà tí yóò fi di pé eré náà jáde, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ó ń kọ ọ́, ó sì ń ṣe Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ Abishola tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn, nínú rẹ̀. Ipa tó kó hàn kedere. Ẹni tí kò gbé inú ilé irú rẹ̀ rí kò lè kọ Àǹtí Olú, àgbà obìnrin tí Abishola ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bob Wheeler, tí Billy Gardell ṣe, jẹ́ òyìnbó oníṣòwò ìbọ̀sẹ̀ ní Detroit. Ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó sì tọ́jú rẹ̀ ni Abishola. Fọlákẹ́ Olówófóyèkù ló ṣe Abishola, ọmọ Babátúnjí Olówófóyèkù, ará Iléṣà tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́. Abishola ti bí ọmọkùnrin kan, Délé. Ọkọ rẹ̀, Táyọ̀, ti padà sí Nàìjíríà. Abishola àti ọmọ rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú Àǹtí Olú àti Ọ́ńkù Túndé nínú ilé kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ láàyè. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó ń kàwé lọ́wọ́, kò sì ní àkókò ìfẹ́. Òyìnbó náà kò lẹ́wà, kò sì tínrín, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù, Àǹtí Olú sì ni sùúrù náà wà fún.

Olú kì í ṣe ìyá Abishola. Ọ̀rọ̀ yìí tó gbé yẹ̀ wò, nítorí inú rẹ̀ ni ọgbọ́n eré náà wà. Ní òkè òkun, ìyá kò sí nítòsí, nítorí náà ẹni tó gbà ọ́ sílé lọ́jọ́ tí o dé, tó fún ọ ní bẹ́ẹ̀dì, tó júwe ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ, òun ló gba ipò ìyá, ó sì gba àṣẹ tó wà nídìí ipò náà pẹ̀lú. Olú ti wá ọkọ sílẹ̀ fún Abishola: Chukwuemeka, ọmọ Nàìjíríà, apòògùn, ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń kí àgbà. Lójú Olú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀nà tí Bob sì gbà borí kì í ṣe pé ó jà, kì í ṣe pé ó gbé ọmọ sá lọ. Ó ń lọ kí wọn, ó ń jókòó níbi tí wọ́n bá ní kó jókòó, ó ń jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, ó ń fi ahọ́n rẹ̀ tó wúwo kọ́ Yorùbá, ó sì ń ṣìṣe níṣojú gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ìyá gan-an ti Nàìjíríà dé, ìdánwò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Àwọn òǹkọ̀wé eré náà kò bẹ̀rù láti fi èdè Yorùbá sí ẹnu àwọn òṣèré. Bí ẹbí bá wà láàárín ara wọn, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán fún àwọn Amẹ́ríkà. Báyọ̀ Akínfẹ́mi, tó ń ṣe Goodwin, ló tún ń tọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́nà lórí èdè. Fún èdè tí kì í sábà dé orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà àfi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi babaláwo dẹ́rù ba ènìyàn, ohun ńlá ni pé kí obìnrin kan dúró nínú ilé ìdáná kó máa fi í ráhùn nípa iyọ̀ inú ọbẹ̀. Síbẹ̀, àléébù wà. Àwọn òṣèré kan, bíi Barry Shabaka Henley tó ń ṣe Ọ́ńkù Túndé, jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, etí Yorùbá sì máa ń mọ ibi tí ohùn ti yẹ̀. Gbogbo Yorùbá tó wà níbẹ̀ sì dà bí ọmọ ìlú kan náà: kò sí ẹni tó pe ilé ní ulé, kò sí ẹni tó pe iṣu ní uṣu, bẹ́ẹ̀ ìyá Èkìtì tó bá dé Detroit, ìgbà tí inú bá bí i ni ẹ̀ka èdè rẹ̀ máa ń jáde jù, òun gan-an ni ìbá sì pa ènìyàn lẹ́rìn-ín jù.

Goodwin fúnra rẹ̀ ló yẹ kó dun ará Èkìtì jù nínú eré náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ọrọ̀ ajé ni ní Nàìjíríà; ní Detroit, páálí ìbọ̀sẹ̀ ló ń kó nínú ilé ìkẹ́rùsí Bob, pẹ̀lú Kofó, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Èkìtì, tí ìlú ti ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n inú rẹ̀ yangàn sí ìlú kejì, tí Òrìn nítòsí Ìdó ti bí Adégòkè Olúbummo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò, ẹ̀rín tí Goodwin ń pa ni kì í jẹ́ ẹ̀rín gidi. Òǹkọ̀wé kò sì jẹ́ kó di ẹkún: Goodwin ń fi ọlá ọ̀jọ̀gbọ́n gbé páálí, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni wà níwájú kíláàsì, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n ju àwọn tó gba òun síṣẹ́ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Bob, òun ló di alárinà, ìyẹn ẹni tó dúró láàárín ilé méjì, tó ń ṣàlàyé àṣà fún ọkùnrin tí kò mọ̀ ọ́n, tó sì ń kì í nílọ̀ kó tó ṣẹ̀.

Nídìí ọ̀rọ̀ alárinà yìí ni ó ti yẹ kí òǹkàwé lóye ohun tí àwọn fíìmù náà sábà máa ń kọjá lórí rẹ̀ wéré. Ìbéèrè tí ẹbí ń bi olólùfẹ́ kì í ṣe ìyọnu lásán. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ, ẹbí máa ń ṣe ìwádìí: wọ́n ń bèèrè irú ilé tí onítọ̀hún ti wá, bóyá àìsàn kan wà tó ń jẹ wọ́n láti ìran dé ìran, bóyá ọkùnrin náà ń lu obìnrin, bóyá gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, bóyá ìyàwó kan ti wà níbì kan tẹ́lẹ̀. Ní Ìkọ̀lé, ìwádìí náà kì í nira. Ọ̀sán kan ti tó, nítorí kò sí ẹni tí ẹnìkan kò mọ bàbá rẹ̀. Ní Detroit tàbí ní Peckham, kò sí ẹni tí wọn yóò bi. Ẹni tó wà níwájú wọn kò ní ìlú lẹ́yìn, kò ní orílẹ̀ tí wọ́n lè kì, ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tó wà. Nítorí náà ni Olú ṣe ń le. Ẹni tó bá ń fi líle rẹ̀ rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí rẹ̀ ti pàdánù ìlàjì eré náà, ó sì lè rò pé ohun tí fíìmù ń sọ ni pé kí àgbà dákẹ́ kí ìfẹ́ máa lọ. Bob Hearts Abishola kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ yóò dúró kí wọ́n wádìí òun.

Nàìjíríà náà ti ṣe tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àna, ṣùgbọ́n ojú ibòmíràn ló wò. The Wedding Party, tí Kemi Adetiba darí, tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2016, tó sì pa owó tó lé ní mílíọ̀nù 400 náírà nílé sinimá, dá lé ìgbéyàwó ọmọ Yorùbá kan àti ọmọ Ìgbò kan ní Èkó. Adesua Etomi àti Banky W tí wọ́n ṣe ìyàwó àti ọkọ níbẹ̀ sì fẹ́ ara wọn lóòótọ́ ní ọdún 2017. Apá kejì rẹ̀, tí Níyì Akínmọlayan darí, gbé àríyá lọ sí Dubai, ó sì mú òyìnbó obìnrin wọ inú ẹbí náà. Àwọn méjèèjì dùn wò, Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé sì fi ipò ìyá ìyàwó gbayì nínú apá kìíní. Ṣùgbọ́n àwọn olówó Èkó ni gbogbo wọn; wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú bí ẹni ń wọ tákísí, físà kì í sì í ṣe ìṣòro ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ físà ni ó ń pinnu ìfẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ àríwá Èkìtì lónìí. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, Ìlú Ọba kò gbà mọ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń lọ síbẹ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání, àfi àwọn tó ń lọ ṣe ìwádìí fún oyè gíga. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún kan náà, wọ́n fi irú òfin yìí de àwọn tó ń gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Òfin yìí kò kan nọ́ọ̀sì. Kò ṣòro fún òǹkọ̀wé láti rí ìtàn níbẹ̀: ní ọdún náà, ọmọbìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lè mú ọkọ dání, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lọ tọ́jú arúgbó kò lè mú ẹnikẹ́ni, àwọn ìyá méjèèjì sì jọ ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ kan náà.

Ìgbéyàwó tí ọkọ kò sí níbẹ̀ sì ti di ohun tí a ń rí. Ọjọ́ ìdána, ìyẹn ọjọ́ tí ẹbí ọkọ ń kó ẹrù wá tọrọ ìyàwó, alága ìdúró tó ń ṣojú ẹbí ọkọ àti alága ìjókòó tó ń ṣojú ẹbí ìyàwó yóò wà ní ipò wọn, iṣu yóò wà nílẹ̀, obì, orógbó, ataare àti oyin yóò wà nínú igbá, ṣùgbọ́n orí fóònù tí àbúrò ọkọ gbé sókè ni ọkọ wà. Bí ó bá kan ìdọ̀bálẹ̀, ọkọ yóò dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú yàrá rẹ̀ ní òkè òkun, alága ìjókòó yóò sì ní òun kò rí i dáadáa, pé kó tún un ṣe, pé àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò dúró. Ojú ọkọ yóò dì lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Ẹbí ìyàwó yóò ní bí ó bá ti lọ, kí ẹbí ọkọ san owó kí àwọn tó gbà pé ó padà wá. Ẹnìkan yóò sì fi owó náà ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì níbi tó jókòó sí, alága yóò sì yẹ fóònù rẹ̀ wò kó tó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wà láàárín gbogbo èyí nínú aṣọ òfì, pẹ̀lú òrùka tí ìyá ọkọ yóò fi sí i lọ́wọ́ nípò ọmọ rẹ̀. Kò sí ohun tó wà nínú My Big Fat Greek Wedding tó ju èyí lọ.

Yàtọ̀ sí The Wedding Party, àwọn eré tí a ti ń sọ wọ̀nyí, láti òkè òkun ni gbogbo wọn ti ń wo ilé. Nínú wọn, àwọn tó kù sílé jẹ́ ohùn lórí fóònù, tàbí ìyá tó dé pẹ̀lú àpótí ẹrù tí yóò sì tún padà lọ. A kì í rí i bí fóònù náà ti ń dún nínú yàrá ní Ìkọ̀lé, a kì í gbọ́ ohun tí bàbá àti ìyá ń bá ara wọn sọ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti gbé e sílẹ̀, a kì í sì í rí aládùúgbò tó wá bèèrè bóyá òótọ́ ni pé òyìnbó ni. Ìlàjì ìtàn náà ni ìyẹn, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n jù kò tí ì sọ ọ́ ní sinimá bó ti yẹ. Kì í ṣe pé Èkìtì kò ní ìrírí eré ṣíṣe. Jímọ̀ Àlíù, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Àwòrò, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tó kú ní ọdún 2020, ti fi hàn pẹ̀lú eré rẹ̀, Àrélù, pé ọmọ Èkìtì lè ṣe eré tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá yóò jókòó tì.

Ẹ̀ka Eré Ìtàgé àti Iṣẹ́ Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wà ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì ń wá ìtàn tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ ìtàn Èkó tí wọn kò gbé rí. Kí wọ́n rìn dé ibi ìdána kan ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìn àbúrò ọkọ tó gbé fóònù dání, kí wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ. Kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ máa sọ èdè Èkìtì.